Ẹ Má Ṣe Bẹ̀rù Ọwọ́ Agbẹ̀bí

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin máa ń sọ fún ara wọn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ fún agbẹ̀bí. Òun ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò abẹ́ tí a máa ń ṣe fún obìnrin tí ó ń rọbí. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí pa rédíò rẹ̀. Ọ̀nà tí gbogbo wa gbà wá sí ayé ni ọ̀rọ̀ náà kàn, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan wá bá mi ní ilé ìtọ́jú aboyún tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Oyún rẹ̀ kejì ni, ó sì ti di oṣù mẹ́jọ. Ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, ọmọ inú rẹ̀ sì wà bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í léèrè ibi tí yóò bí ọmọ náà sí, ó dorí kodò, ó ní ilé ni òun yóò bí i sí. Mo ní, "Èéṣe, ọmọ mi?" Ó dákẹ́ títí kí ó tó wí pé, "Màmá, ìrọbí kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ọwọ́ tí wọ́n ń tì bọ̀ mí lára ni."

Ó wá ṣe àlàyé fún mi. Nígbà tí ó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe, kò sì sí ẹni tí ó sọ ohun tí òun rí. Nígbà tí ó ké, wọ́n ní kí ó dẹ́kun ariwo. Láti ọjọ́ náà ni àyà rẹ̀ ti máa ń já bí ó bá ti rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà lásán.

Ẹ̀yin ará, ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ó bá tìtorí rẹ̀ sá fún ilé ìwòsàn lè bá ẹ̀jẹ̀ dídà tàbí ìrọbí tí kò lọ síwájú pàdé ní ibi tí kò sí ẹni tí ó lè gbà á. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí wò: ohun tí àyẹ̀wò náà jẹ́, ìdí tí a fi ń ṣe é, àti ohun tí obìnrin lè ṣe kí ẹ̀rù rẹ̀ lè dín kù.

Ní apá ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, ẹnu kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ẹnu ilé ọmọ. Nígbà oyún, ẹnu yìí a máa wà ní pípadé, a sì le bí ṣóńṣó imú ènìyàn. Nígbà tí ìrọbí bá dé, bí ilé ọmọ ti ń súnkì ni yóò máa fa ẹnu yìí, yóò máa rọ̀ bí ètè, yóò máa fẹ́lẹ́, yóò sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú rúlà yín, kí ẹ wo ibi tí a kọ 10 sí ní apá ti sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹnu náà ti í fẹ̀ tó nìyẹn nígbà tí ó bá ṣí tán, kí orí ọmọ lè kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí rúlà tí a lè gbé dé ibẹ̀. Ìka méjì agbẹ̀bí, èyí tí a fi ń júwe nǹkan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ni rúlà tiwa.

Kì í ṣe ṣíṣí nìkan ni agbẹ̀bí ń wò. Ó ń wò bóyá orí ni ọmọ fi ń bọ̀ tàbí ìdí. Ó ń wo bí orí náà ti sọ̀kalẹ̀ tó, àti ibi tí ọmọ kọjú sí. Ó ń wò bóyá omi tí ó yí ọmọ ká ti tú, àti bóyá okùn ìwọ́ kò ti yọ ṣáájú ọmọ. Bí okùn ìwọ́ bá ṣáájú, ẹ̀mí ọmọ ti wà nínú ewu, kò sì sí ìṣẹ́jú kan tí a lè fi ṣòfò.

Ìgbà mélòó ni ó yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò yìí? Àjọ Ìlera Àgbáyé dáhùn ìbéèrè náà ní ọdún 2018. Wọ́n ní fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ sì ti ṣí dé 5 sẹ̀ǹtímítà, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. A lè ṣe é kí wákàtí mẹ́rin tó pé bí ìdí kan bá wà, bí àpẹẹrẹ, bí ọkàn ọmọ kò bá lù bí ó ti yẹ, tàbí bí ara obìnrin bá ń sọ fún un pé kí ó ti ọmọ jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí olúkúlùkù ẹni tí ó bá ń kọjá yóò wá ṣe. Bí omi bá ti tú, bí ọwọ́ bá ti ń wọlé lemọ́lemọ́ ni kòkòrò àrùn fi ń rí ọ̀nà wọlé.

Ohun mìíràn tí ń kó ọkàn obìnrin sókè ni iye tí a bá sọ fún un. Bí a bá sọ pé ó di 4, tí a padà dé tí a tún ní 4 náà ni, yóò rò pé ara òun kò ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1954, Emanuel Friedman, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ya àwòrán bí ẹnu ilé ọmọ ti ń ṣí láti wákàtí dé wákàtí. Lẹ́yìn náà ni ó di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn láti máa retí sẹ̀ǹtímítà kan fún wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí tọ ìrọbí àwọn obìnrin tí ó ju 5,500 lọ lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà àti Uganda, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni ìrọbí rẹ̀ kì í yára tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé 5, síbẹ̀ tí tìyá tọmọ sì yè. Nítorí náà, bí iye náà kò bá tètè pọ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti kùnà. Ẹ béèrè bí ọkàn ọmọ ti ń lù. Bí èyí bá dára, tí ara yín náà sì dára, ẹ ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Ní ọdún 1847, ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, ẹ̀ka méjì ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Àwọn agbẹ̀bí wà ní ọ̀kan, àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní èkejì. Ibà abiyamọ ń pa àwọn obìnrin ní ẹ̀ka ti àwọn dókítà ju ti èkejì lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aboyún fi ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí a má mú àwọn lọ síbẹ̀. Dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé àwọn dókítà a máa ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá, wọn a sì fi ọwọ́ kan náà yẹ obìnrin tí ń rọbí wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù fi omi oògùn fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin, nínú 100 obìnrin tí ó bímọ ní ẹ̀ka náà, bí 18 ni ó kú. Ní oṣù keje, àwọn tí ó kú kò pé 2 nínú 100. Ẹ wò ó: àwọn aboyún ti mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀ kí àwọn dókítà tó mọ̀.

Lóde òní, à ń fọ ọwọ́, à ń wọ ìbọ̀wọ́ tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fọ̀ kúrò lọ́wọ́, òun ni ìwàǹwára. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Ghana, Guinea àti Myanmar, tí ó jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé nínú 100 àyẹ̀wò abẹ́ tí àwọn olùwádìí fojú ara wọn rí, bí 59 ni a ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin tí ó ni ara. Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ. Mo rò pé bí mo bá ti tètè ṣe é tán, mo ti ṣàánú obìnrin náà nìyẹn. N kò mọ̀ pé ohun tí a kò sọ ni ó ń dẹ́rù bà á.

Kí ni obìnrin lè ṣe, nígbà náà?

Èkínní, ẹ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìrọbí tó dé. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti hùwà ipá sí yín rí, tàbí bí a bá ti dábẹ́ fún yín ní kékeré tí ojú ọgbẹ́ ń dùn yín, ẹ sọ fún agbẹ̀bí, kí ó lè kọ ọ́ sínú ìwé yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí obìnrin nìkan máa yẹ̀ yín wò, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú.

Èkejì, ẹ ní ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: ọkọ, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé kí obìnrin ní ẹni tí ó bá yàn lọ́dọ̀ nígbà ìrọbí. Iṣẹ́ ẹni náà ni kí ó di ọwọ́ yín mú, kí ó máa wo ojú yín, kí ó sì bá yín béèrè ohun tí ẹnu yín kò lè béèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí àpòòtọ̀ tí ó kún a máa mú kí àyẹ̀wò dunni. Ẹ ní kí wọ́n dúró kí ìsúnkì tí ó wà lọ́wọ́ rọlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ bo ẹsẹ̀ yín. Bí àtidọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀yìn bá nira, ẹ béèrè bóyá ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ wọlé, ẹ fẹ́ èémí jáde lẹ́nu pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tí ó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ má ṣe di eyín, ẹ sì má ṣe di ẹ̀ṣẹ́. Ẹ má gbé ìdí sókè, ẹ jẹ́ kí ó rì sínú ibùsùn. Ẹran ara tí ó le ni ó ń mú kí ó dunni jù, èyí tí ó bá rọ̀ a máa gba ọwọ́ láìjà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ̀yin àti agbẹ̀bí jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, irú bíi "Dúró." Bí ẹ bá ti sọ ọ́, kí ó dúró. Obìnrin tí ó mọ̀ pé òun lè dá ọwọ́ náà dúró kì í sábà bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ó rí. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ẹ má ṣe rò pé àfojúdi ni. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti ọdún 2014 pa á láṣẹ pé kí oníṣègùn ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, àti ohun tí kíkọ̀ náà lè fà. Bí ẹ bá kọ àyẹ̀wò kan, agbẹ̀bí ṣì lè fọwọ́ kan ikùn yín, kí ó ka ìsúnkì, kí ó gbọ́ ọkàn ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ọwọ́ nìkan lè rí, nítorí náà, ẹ gbọ́ ìdí tí ó fẹ́ fi ṣe é kí ẹ tó kọ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára aboyún, ẹ tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lára. Ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ni ó dí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà di odò.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? A jọ sọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí ìrọbí dé, ilé ìwòsàn ni ó wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ní èkínní, ó ní "Dúró," mo sì fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ó mí kanlẹ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ó yá, Màmá." Ní èkejì, kò dá mi dúró rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a gbọ́ igbe ọmọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ẹnu wa máa ṣáájú ọwọ́ wa. Ẹ̀yin aboyún wa, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ó dàárọ̀ o.