Kí Ẹ Tó San Owó Ilé-Ìwé, Ẹ Wo Àpò Ilé-Ìwé

Ní Ìgbẹ́tì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo ní Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí àsìkò fọ́ọ̀mù JAMB, ìdánwò àṣewọlé fásitì, bá ti dé, àsìkò ìṣirò dé náà nìyẹn. Bàbá á wo iṣu tó kù nílẹ̀. Ìyá tó ń ta òrí á lọ bá alájọ kó lè mọ iye tí òun ti dá. "Èló ni owó ilé-ìwé wọn?" ni gbogbo wọn ń bèèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bèèrè pé ta ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ibẹ̀, ṣé ó sì ń san án lásìkò.

Ọ̀rọ̀ Fásitì Ladoke Akintola tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí LAUTECH, fi hàn pé ìbéèrè kejì yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990. Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, ilé-ìwé náà di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Owó ìrànwọ́ tó yẹ kí ìjọba méjèèjì máa san wá ń fà sẹ́yìn, gbèsè owó oṣù ń gorí ara wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì daṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Kí ló kan òbí níbẹ̀? Owó ilé-ìwé ìjọba kéré sí ti aládàáni, ohun tó sì ń fa ọ̀pọ̀ ẹbí mọ́ra nìyẹn. Ṣùgbọ́n lándílọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ tó háyà yàrá ti san owó ọdún kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà wálé, ọdún pé, wọ́n ní kó tún san òmíràn. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tí í gba ọdún 5 wá ń di 6 tàbí 7. Àbúrò tó ń retí kí ẹ̀gbọ́n jáde kó tó kan òun jókòó sílé. Bí ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n bá sì ti kọjá 30 kó tó gboyè, NYSC, àjọ àgùnbánirọ̀, kò ní gbà á; ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún un, kò sì ní fojú kan owó oṣù àgùnbánirọ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì, kéde pé Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH báyìí. Ilé-ìwé náà ti ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ilé-ìwé gíga pólì sì wà ní Ṣakí. Ìrìn ti dín kù fún ọmọ Òkè-Ògùn.

Fásitì ìjọba àpapọ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, fi daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù 8 gbáko. Fásitì aládàáni kò bá wọn lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n owó tí òbí ń san gan-an ni ilé-ìwé aládàáni fi ń jẹun. Bí ọmọ bá dín kù, ẹrù á wúwo lórí àwọn tó kù.

Láti ọdún 2024 ni NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó láìgba èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, ọdún 2 lẹ́yìn ìsìnlú ni sísan padà sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ kò bá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ kò lè rí i gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀yáwó tó lè ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé tí òṣìṣẹ́ ti tì.

Ìwé pẹlẹbẹ tí ilé-ìwé ń pín kò ní sọ iye ọdún tí ọmọ ń lò níbẹ̀ gan-an fún òbí. Ọmọ àdúgbò tó ń kàwé níbẹ̀ lọ́wọ́ ló mọ̀ ọ́n. Bó bá wálé ọdún, kí òbí bi í pé ọdún wo ló wọlé, ipele wo ló wà báyìí, kí wọ́n sì fi ìka kà á.