Ṣé O Mọ̀ Pé Báńkì Ti Ní Àga Nílé Aṣòfin Wa Rí?

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí báńkì ní àga tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà? Kì í ṣe pé ọ̀gá báńkì kan gbégbá ìbò o! Òfin ìgbà Gómìnà Clifford, ti 1922, ló ya àga kan sọ́tọ̀ fún báńkì, ọ̀kan fún iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun, ọ̀kan fún àwọn awakùsà, mẹ́rin sì fún ẹgbẹ́ oníṣòwò Èkó, Kálàbá, Port Harcourt àti Kánò.

Bá mi ṣírò rẹ̀: 7 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí aráàlú dìbò yàn ńkọ́? 4 péré, mẹ́ta l'Ékòó, ẹyọ kan ní Kálàbá, nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 46!

Dúró ná, Kánò kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣòfin fún ilẹ̀ Àríwá, Ẹ́míà Kánò kò sí níbẹ̀, tálákà Kánò kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ilé ìṣòwò Kánò rí ẹni bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣà jọ, èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù.

O sì rò pé gbogbo ayé ló ń dìbò? Ọkùnrin nìkan ni, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí £100 lọ́dún. Ìyá alájé tó lówó ju ọkọ rẹ̀ lọ, ilé ni yóò jókòó sí lọ́jọ́ ìbò.

Àwọn aládùúgbò Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, wá ńkọ́? Áà, ìbò ọdún 1923 lábẹ́ òfin yìí kò dé ibẹ̀ rárá! Baba oníṣòwò tó fi Ìkòròdú ṣe ilé ìbáà ní £1,000 lábẹ́ ìrọ̀rí, kò lè tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni; lódìkejì ọ̀sà, ẹgbẹ́ òṣèlú Herbert Macaulay ń kó àga Èkó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ẹ̀pẹ́ ti fi ọ̀rọ̀ ọjà bá ìjọba dúnàádúrà ṣáájú ìgbà yẹn, ṣé o gbọ́ ọ rí? Kòsọ́kọ́, ọba tí ìbọn òyìnbó lé kúrò l'Ékòó ní 1851, ibẹ̀ ló sá lọ. Ní 1854 ó gbà láti má jà du ìtẹ́ mọ́, àwọn òyìnbó sì gbà pé kí ó máa ṣòwò rẹ̀ lọ ní èbúté Palma.

Ta ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó? Oníṣòwò ni, kí lo ti rò! Kápútéènì J. P. L. Davies ni, ní 1872, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ṣe ìyá ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní 1886, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa méjì ló wọlé: àlùfáà kan, James Johnson, àti oníṣòwò kan, C. J. George.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òyìnbó ló kọ́ wa láti fi oníṣòwò sínú ìjọba. Àwọn Ẹ̀gbá ti ní Pàràkòyí tipẹ́, àwọn olórí ìṣòwò tó ń bá Ògbóni àti Olórógun pín ìjọba ìlú.

Nílé aṣòfin Gánà náà, ọdún 1951, àwọn oníṣòwò gba àga 3, awakùsà gba 3. Ní 1954, pátá ló dàwátì: àga 104, ìbò ni gbogbo rẹ̀!

Lónìí, àga 40 ló wà nílé aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú ní 2, Ẹ̀pẹ́ ní 2, kò sì sí èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oníṣòwò. Ṣé ìyẹn wá dí wọn lọ́nà? Tokunbo Abiru fi ipò ọ̀gá àgbà Polaris Bank sílẹ̀ ní 2020, ó gbégbá ìbò, ó sì di sẹ́nétọ̀ Ìlà-Oòrùn Èkó, èyí tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jọ wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ irú àga bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbòmíràn: nílé aṣòfin Hong Kong, a rí àga ètò ìṣúná tí iye olùdìbò rẹ̀ kò tó 200, iléeṣẹ́ ló sì ń dìbò níbẹ̀!

Ireland ló wá ya èmi lẹ́nu. Nínú àga 60 ilé aṣòfin àgbà wọn, 9 jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ àti ìṣòwò, 11 jẹ́ ti iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ka iṣẹ́ ẹja pípa mọ́ ti àgbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ṣé ẹ gbọ́?