Afẹ́fẹ́ Òkè Jos àti Ooru Inú PlayStation 5

Gbogbo iná tó bá wọ inú ẹ̀rọ géèmù, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Àwòrán tó ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n, ariwo èrò ìwòran nínú pápá, ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe kí agbábọ́ọ̀lù kan tó lè gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. PlayStation 5 tí Sony gbé jáde ní November 2020 máa ń jẹ nǹkan bí 200 wáàtì bí géèmù ńlá bá ń lọ lórí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ooru yẹn ń ti ara ṣíìpù kan ṣoṣo jáde, ṣíìpù tí èèyàn lè fi ìka méjì mú. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà gbà lọ, ẹ̀rọ yóò kìlọ̀, yóò sì pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́.

Ìdí tí ẹ̀rọ náà fi tóbi nìyí. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ga ní sẹ̀ǹtímítà 39, ó wọ 26 sẹ́yìn, ó nípọn ju 10 lọ, ó sì wọn kílò mẹ́rin ààbọ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù October 2020, Yasuhiro Ootori, tó ṣáájú àwọn tó ṣètò àgọ́ ara rẹ̀ ní Sony, tú u palẹ̀ nínú fídíò kí gbogbo ayé lè wo ikùn rẹ̀. Ohun tí a rí ni pé híìtìsíǹkì, ìyẹn àkójọ irin tó ń gba ooru lọ́wọ́ ṣíìpù, pẹ̀lú fáànù, ló gba ibi tó pọ̀ jù. Bọ́ọ̀dù, páwà páàkì àti ibi tí a ń ki díìsìkì sí ń fún ara wọn mọ́ àyè tó kù.

Ọwọ́ dé ọwọ́ ni ooru ń gbà jáde níbẹ̀: láti ṣíìpù sí bàbà, láti bàbà sí àwọn abẹ́ irin pẹlẹbẹ, láti abẹ́ irin sí afẹ́fẹ́, láti inú afẹ́fẹ́ sí yàrá tí o jókòó sí. Sony ló ni gbogbo ọ̀nà yẹn àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó ni yàrá ló ni ìyẹn, àwa tí a sì ń gbé Jos, afẹ́fẹ́ tiwa yàtọ̀ sí ti Èkó lọ́nà mẹ́ta: ó fúyẹ́, ó tutù, ó sì ń gbé eruku.

Ojú ṣíìpù gan-an ni iṣẹ́ ti kọ́kọ́ le. Bí a bá gbé irin lé irin, bó ti wù kí wọ́n dán tó, ojú méjèèjì kò lè lẹ̀ mọ́ra tán. Afẹ́fẹ́ máa ń há sáàárín wọn, afẹ́fẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá bó ṣe yẹ. Péèsì ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń fi dí àlàfo yẹn. Sony kò lo péèsì; irin tó ń ṣàn bí omi ni wọ́n fi sí i. Gallium ni ìpìlẹ̀ irú irin bẹ́ẹ̀. Gallium nìkan máa ń yọ́ bí ó bá ti dé nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò ó mọ́ indium àti tánńganran, kì í dì mọ́ kódà nínú òtútù ọyẹ́. Ó ń gbé ooru kọjá ju péèsì lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Àmọ́ ó ní ìwà méjì tó léwu. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bá já sórí bọ́ọ̀dù lè mú kí iná gbé ẹ̀rọ náà. Èkejì, ó máa ń jẹ aluminium. Ootori sọ pé ó lé ní ọdún méjì tí àwọn fi múra sílẹ̀ kí àwọn tó lè lò ó, nítorí wọ́n ní láti fi nǹkan dí gbogbo etí ṣíìpù kí irin náà má baà rìn kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, èyí ló wú mi lórí jù, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá ti ń fi péèsì tún PS4 ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì mọ èyí. Kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u dé ojú ṣíìpù, béèrè bóyá ó ti fọwọ́ kan irin olómi rí.

Lẹ́yìn èyí ni ooru bọ́ sínú àwọn ọ̀pá bàbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bàbà inú ọ̀pá náà ló ń gbé ooru, ṣùgbọ́n omi ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà ní Èkó kó tó kó wá sí Jos mọ̀ pé ẹ̀wà Jos kì í tètè jinná. Ìlú wa ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,200, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ojú omi kò wúwo tó ti ìsàlẹ̀, nítorí náà omi ìkòkò ti ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 96 dípò 100, kò sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ bí a tilẹ̀ kó igi sí i. Àwọn tó ṣe ọ̀pá bàbà lo ìlànà kan náà, wọ́n kàn fà á lọ sópin ni. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá jáde, wọ́n fi omi díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dí i pa. Níwọ̀n bí kò ti sí afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, omi náà máa ń di èéfín omi níbi tí ooru rẹ̀ kò tíì sún mọ́ 100 rárá. Èéfín omi yẹn á sáré lọ sí apá tó tutù, á tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ́ irin, á padà di omi, omi náà á sì gba ara ọ̀pá tí wọ́n ṣe bí òwú àtùpà padà síbi ṣíìpù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po, láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í. Nítorí pé wọ́n dí i pa, gíga òkè Jos kò kàn án. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Èkó náà ló ń ṣiṣẹ́ ní Bukuru lórí òkè wa.

Ọ̀dọ̀ fáànù ni òkè Jos ti ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Fáànù PS5 àkọ́kọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 120, ó sì nípọn ní 45; ọ̀tún àti òsì ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Iye afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fà kì í yí padà púpọ̀ nítorí gíga ìlú, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ ń yí padà, ìwúwo yẹn ló sì ń gbé ooru. Ká ní ní Èkó, afẹ́fẹ́ yàrá wà ní ìwọ̀n 31, tí ẹ̀rọ ń tú 200 wáàtì sí i, tí afẹ́fẹ́ náà sì fi ìwọ̀n 15 gbóná sí i kó tó jáde: ó jáde ní 46 nìyẹn. Ní Jos, níbi tí yàrá wà ní 22, afẹ́fẹ́ wa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fúyẹ́ ju ti Èkó lọ, nítorí náà yóò gbóná ní nǹkan bí ìwọ̀n 17 dípò 15. Yóò jáde ní 39. Ohun tí òkè mú lọ́wọ́ wa kò ju ìwọ̀n méjì lọ, ohun tí òtútù fún wa sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Èrè wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wá rò pé géèmù yóò yá ju ti Èkó lọ nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀, Mark Cerny tó ṣètò ọpọlọ ẹ̀rọ náà sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní March 2020. Ṣíìpù náà lè sáré dé 3.5 gígáhẹ́ẹ̀tì níbi ìṣirò, dé 2.23 níbi àwòrán, ṣùgbọ́n kì í wo bí ooru ṣe pọ̀ tó kó tó pinnu eré tí yóò sá. Iṣẹ́ tí géèmù gbé síwájú rẹ̀ ló ń wò, tó sì fi ń ṣírò iná tó yẹ kó jẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọmọ tó wà nínú yàrá gbígbóná àti èyí tó wà nínú yàrá tútù lè máa gbá géèmù kan náà. Òtútù Jos kò lè fi kún eré ẹ̀rọ. Fáànù tí kò pariwo ni yóò fún ọ.

Àwọn yòókù gba ọ̀nà tiwọn. Xbox Series X fi pẹrẹsẹ bàbà oníhò tí omi ń hó nínú rẹ̀ rọ́pò ọ̀pá, fáànù rẹ̀ sì wà lókè, tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀. Nintendo Switch 2 tó jáde ní June 2025 kéré débi pé wọ́n tún fi fáànù sínú ohun tí a ń gbé e lé nígbà tí a bá so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Sony fúnra wọn ti dín irin kù: láti kílò 4.5, ó di 4.2 ní 2021, ó di 3.9 ní 2022 nígbà tí wọ́n rí ṣíìpù tó ń jẹ iná díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ra tòkúnbọ̀ kó má fi ìwúwo nìkan dá ẹjọ́.

Eruku ni ọ̀tá wa gan-an. Láti November títí di February, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé e wá láti aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá láti Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá ayé àtijọ́ ti gbẹ tó sì fi ilẹ̀ lúbúlúbú sílẹ̀. Eruku yìí kúnná, ó ń gba abẹ́ fèrèsé wọlé, abẹ́ irin híìtìsíǹkì sì sún mọ́ra gan-an. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó sì ń dá ooru dúró lára irin. Fáànù á wá máa yí kíákíá láti san àfidípò, yíyí kíákíá yẹn á sì tún fa eruku sí i. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kan fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní October kó sì máa kígbe ní January, nígbà tí òtútù mú jù.

Sony ṣe ihò méjì síbẹ̀ tí eruku ń kó sí. Pa ẹ̀rọ, yọ wáyà rẹ̀, fi ọwọ́ yọ pátákó funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì fi ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí fa ihò náà. Bó bá jẹ́ blówà lo ní, fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ di fáànù mú kó má yí, nítorí fáànù tí atẹ́gùn ń yí lè bàjẹ́, ó sì lè ti iná padà sínú bọ́ọ̀dù. Èyí kò dé ibi irin olómi rárá. Nílé géèmù tí ẹ̀rọ kì í sinmi, ẹ má jẹ́ kí ọyẹ́ parí kí ẹ tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa tánńganran. Òun ló mú kí òyìnbó gun òkè yìí wá wa kùsà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, òun ló fa rélùwéè dé Bukuru, òun ló sì mú kí iléeṣẹ́ iná NESCO máa fi ìṣàn omi Kurra ṣe iná láti 1929. Òun náà ló pọ̀ jù nínú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó ṣíìpù mọ́ bọ́ọ̀dù lónìí, pàápàá látìgbà tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti lé òjé kúrò nínú rẹ̀ ní July 2006. Bí ṣíìpù bá gbóná, ó ń wú. Bí ó bá tutù, ó ń sún kì. Bọ́ọ̀dù kì í wú níwọ̀n kan náà, nítorí náà àwọn ẹ̀kán tánńganran tó wà láàárín ni ìfà-sókè-fà-sílẹ̀ náà ń dé bá. Irú ìfà-sókè-fà-sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa Xbox 360 lọ́pọ̀ yanturu: oríkèé inú rẹ̀ ń sán, títí Microsoft fi ya ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ ní July 2007 láti tún wọn ṣe.

Ìgbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ni ìfà-sókè-fà-sílẹ̀ yìí ń pọ̀, òwúrọ̀ ọyẹ́ tiwa sì ń mú kó gùn sí i, nítorí ẹ̀rọ tó jí ní ìwọ̀n 12 rìn jìnnà kó tó dé 70 ju èyí tó jí ní 28 lọ. Bó bá ṣeé ṣe, so ó mọ́ ínfátà kí ó má baà kú lójijì lẹ́ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́ kan. Fi àyè tí kò dín ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sáàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti ògiri. Aṣọ tí a fi ń bò ó nítorí eruku dára, bí ẹ̀rọ bá ti kú tó sì ti tutù. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ká aṣọ kúrò, ẹ sì gbé e jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn.