Ilé-Epo Ti Kógbá Sílé, Ṣùgbọ́n Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Rẹ̀ Ńkọ́?

Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí. Ní Kémta, àti káàkiri Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ilé ni ó gbára lé kànga tàbí kànga-dẹ̀rọ. Nígbà tí ìjọ tàbí ẹbí kan bá sì ń wá ilẹ̀ rà, ilẹ̀ tó fẹ̀, tó sì wà létí títì, ni ojú máa ń lọ sí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ilé-epo ti wà rí. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni mu omi irú ibẹ̀ láìjẹ́ pé a ti yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ náà wò.

Bí epo ṣe ń dé inú omi

Inú ilẹ̀ ni ilé-epo ń ri táǹkì bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ̀ẹ̀lì mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin a máa dípẹtà, oríkèé páìpù a sì máa jò. Epo tó jò yóò wọ inú erùpẹ̀ lọ títí yóò fi kan omi. Nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, yóò léfòó. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn èròjà rẹ̀ yóò yòrò, wọn yóò sì bá omi ṣàn lọ.

Èyí tó léwu jù nínú wọn ni benzene, tó lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ jẹ́ máíkírógírámù 10 nínú lítà omi kan. Benzene lè kọjá ìwọ̀n yìí ní ìlọ́po 100 kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀. Síse omi kò yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí inú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ni benzene yóò bọ́ sí, tí a ó sì máa fà á símú. Álọ́ọ̀mù pẹ̀lú kò lè yọ ọ́ kúrò.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó àyíká, gbé àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ògóni jáde. Ní Nisisioken Ogale, nítòsí páìpù àjọ NNPC, wọ́n bá epo tí a ti fọ̀, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Benzene inú omi tí àwọn ẹbí kan ń mu níbẹ̀ ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí a dárúkọ lókè lọ. Páìpù ni ti Ògóni, táǹkì ni ti ilé-epo. Ọ̀nà kan náà ni epo ń gbà ba omi jẹ́.

Bí àyẹ̀wò ṣe ń lọ

Ìtàn ilẹ̀ náà ni a kọ́kọ́ ń wádìí: ìgbà tí ilé-epo náà bẹ̀rẹ̀, ibi tí táǹkì wà, àti bóyá wọ́n ti hú wọn jáde. Bí ó bá ti ń ta epo ṣáájú ọdún 2006, ó yẹ kí a wá òjé pẹ̀lú, nítorí bẹntiróòlù olójé ni a ń tà nígbà kan rí.

Lẹ́yìn náà, a ó ka gbogbo kànga tó yí ibẹ̀ ká. Àwọn onímọ̀ yóò lu ihò, wọn yóò bu erùpẹ̀ láti oríṣiríṣi ìjìnlẹ̀, wọn yóò sì gbẹ́ kànga àyẹ̀wò. Ó kéré tán, kànga yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n má sì tò sójú ìlà kan. Gíga omi inú wọn ni yóò fi ibi tí omi ń ṣàn sí hàn. Inú ìgò ni a ń bu omi sí. A ó kún un dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè, a ó fi yìnyín tù ú, a ó sì tètè gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, nítorí benzene kì í pẹ́ fò lọ. A ó tún un ṣe nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ a máa ga, a sì máa lọ sílẹ̀.

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta gba ìṣọ́ra púpọ̀. Àpáta líle, irú èyí tí Olúmọ jẹ́, ni ó wà nísàlẹ̀ erùpẹ̀. Omi tó bá wọ inú àpáta, ojú ibi tó ti sán ni yóò máa tọ̀. Nítorí náà, kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-epo lè mọ́ gaara, kí èyí tó jìnnà sí i sì ti bàjẹ́. Kànga kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún gbogbo àdúgbò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí ìgbìmọ̀ tó ń ra ilẹ̀ béèrè èsì àyẹ̀wò kí wọ́n tó sanwó; lẹ́yìn owó, wàhálà náà ti di ti ẹni tó rà á. Bí kànga bá ń rùn bí epo, kí a dáwọ́ mímu rẹ̀ àti fífi í dáná dúró, kí a má ṣe gbé iná súnmọ́ ọn, kí a sì fi tó ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí àyíká létí, àti NMDPRA, àjọ tí òfin ọdún 2021 gbé àmójútó àwọn ilé-epo lé lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè lè ní ẹrù tí yóò wọ àwọn ọmọ wa lọ́rùn nísàlẹ̀.