Ìrì Inú Páìpù: Èdè Iṣẹ́ Ògógóró àti Ọ̀rọ̀ Kan tí Ó Léwu

Ní àwọn ìletò etí omi ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, òórùn ni ó máa ń kọ́kọ́ júwe ilé ìpọntí fún àlejò kí ojú rẹ̀ tó tó o. Òórùn ẹmu tí ó ti le ni, tí ó dàpọ̀ mọ́ èéfín igi. Ohun tí àlejò yóò bá níbẹ̀ kò pọ̀: àtíbàbà kan, àgbá irin ńlá tí a gbé ka iná, páìpù gígùn tí ó yọ láti orí àgbá náà, omi tútù tí páìpù náà gba inú rẹ̀ kọjá, àti ìgò tí ó dúró de ohun tí ń kán. Síbẹ̀, kò sí ohun pàtàkì kan nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì nípa iṣẹ́ yìí tí kò sí lábẹ́ àtíbàbà náà. Ó yẹ kí ẹni tí ń wá èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ ọ̀hún kọ́kọ́ yà síbẹ̀.

Igi ògùrọ̀, tí ń hù nínú àbàtà, ni orísun. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó tanná ni adẹ́mu ń dá a lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi náà ń tanná láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ yóò ti máa hó kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí pé ìwúkàrà ti wọ inú ṣúgà rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò kan: kòkòrò mìíràn ni ó dé, tí ń sọ ọtí di ọtí kíkan. Olùkọ́ tí ó bá pe iṣẹ́ ìwúkàrà ní ‘kíkan’ ti da iṣẹ́ méjì pọ̀, èyí tí apọntí ń fẹ́ àti èyí tí ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́. ‘Híhó’ ni ó sàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ẹmu ń hó lẹ́ẹ̀mejì ní ilé ìpọntí, lẹ́ẹ̀kíní láìsí iná, lẹ́ẹ̀kejì lórí iná. ‘Híhó ìwúkàrà’ àti ‘híhó iná’ yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Omi kì í hó títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi tó 100 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì, ṣùgbọ́n nǹkan bí 78 ti tó fún ọtí ní tirẹ̀. Nítorí náà oru tí ó kọ́kọ́ gba inú páìpù lọ kún fún ọtí. Bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni omi ń pọ̀ sí i. Èyí ni ó fà á tí ìgò àkọ́kọ́ fi ń le ju ìgò ìkẹyìn lọ, láti inú àgbá kan náà. Nígbà tí oru bá dé ibi tí omi tútù yí páìpù ká, yóò padà di olómi, yóò sì máa kán. Kò sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ fún èyí. Yorùbá tí ń sọ pé ìrì sẹ̀ ti sọ ọ́ tán, nítorí pé ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ewé ní ìdájí: oru inú afẹ́fẹ́ pàdé ohun tútù, ó di omi. ‘Sísẹ̀’ ni kí ìwé ẹ̀kọ́ máa lò. Kí atẹ̀wé má sáà jẹ́ kí àmì ohùn rẹ̀ bọ́, nítorí pé ‘sẹ́’ tí a ń ṣe sí ògì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá, kò sì sí asẹ́ ògì tí ó lè ya ọtí kúrò lára omi.

Orúkọ ohun tí ó wà nínú ìgò ti fa ìjà ju bí a ṣe ń ṣe é lọ. Ìjọba amúnisìn kà á sí ọtí tí kò bófin mu, ó sì ń lé àwọn apọntí kiri ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí jíìnì tí a ń kó wọlé ń mú owó wá sí àpò ìjọba. Ní ilẹ̀ Benin, sódabì ni wọ́n ń pè é. Olùtumọ̀ tí ó bá rí orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ọtí bẹ́ẹ̀, tí ó sì kọ ‘ẹ̀mí’ sílẹ̀, ti gbé ọ̀rọ̀ ìjọ sínú ìgò. ‘Ọtí líle’ ni àwọn tí ń mu ún ń pè é, ó sì tó.

Ṣùgbọ́n ‘ọtí’ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó léwu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kan náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá a lọ. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Àwọn mìíràn ní oògùn oko ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún kú ní ìpínlẹ̀ Rivers ní ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù àti ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe ọtí inú ẹmu, jọra lójú, wọ́n sì ń jó nínú iná. Apọntí tí ó bá ṣáná sí i láti dán an wò kò tíì mọ nǹkan kan. Inú ẹ̀dọ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn, níbi tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti ń di ásíìdì fọ́míìkì, tí ń ba iṣan ìríran jẹ́. Ìwọ̀nba kínún ni ó ń wá láti inú ẹmu fúnra rẹ̀. Èyí tí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń jẹ́ èyí tí a ṣe fún iṣẹ́ mìíràn, tí a wá bù lu ọtí.

Orúkọ wo ni ó yẹ ẹ́? Àwọn Òyìnbó ti pè é ní ọtí igi, nítorí pé láti ara igi sísun ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Ní Ìkálẹ̀, ara igi ògùrọ̀ ni ọtí ti ń wá. ‘Ọtí igi’ níbẹ̀ ni ọtí tí ó dára. ‘Ọtí afọ́nilójú’ sì lè dà bí ìyìn létí ẹni tí ń wá èyí tí ó le. Bí a bá yá orúkọ méjèèjì bí wọ́n ti wà, ìró kan ṣoṣo ni ó kù láàárín wọn, ìyẹn kò sì tó lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí ń sáré. Ó kù kí ‘ọtí’ jẹ́ ti ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan, kí èkejì sì máa jẹ́ ‘májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù’, láìyọ ‘májèlé’ kúrò níwájú rẹ̀ níbikíbi.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan nínú ohun tí dókítà lè fi dá májèlé yìí dúró ni ẹ́tánọ́ọ̀lù tí a wọ̀n ní ìwọ̀n, nítorí pé òun ni ẹ̀dọ̀ yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Bí olùtumọ̀ bá pe méjèèjì ní ọtí, ohun tí ìwé ìkìlọ̀ yóò sọ fún àwọn ará ìlú ni pé ọtí ni oògùn ọtí.