Ìjàpá tí wọn kò jẹ́ kí ó kú: Bí ilé iṣẹ́ Volkswagen ṣe sọ ògbólógbòó ẹ̀ńjìnnì di ọ̀tun

Kò sí ìlú tí àwa Yorùbá tẹ̀dó sí ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe Kánò, ìbáà ṣe Jọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe Kàdúná tàbí Ẹ́núgù, tí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ kò ní rántí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí kìrìbìtì, tí a ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni wọ́n ń kó ẹrù sí, ariwo rẹ̀ a sì ti wọ àdúgbò kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Òun ni olùkọ́ ilé ìwé fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, òun sì ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ìjọba kọ́kọ́ fi owó ìyáwó rà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gùn ún kò mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tí ó bí ọkọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro rí, àti pé títún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe ni iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ikú.

Volkswagen túmọ̀ sí ọkọ̀ ará ìlú ní èdè Jámánì. Ọdún 1938 ni Hitler fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ náà lélẹ̀ nítòsí Fallersleben, Ferdinand Porsche sì ni ẹni tí ó ṣe ètò bí ọkọ̀ náà yóò ti rí. Wọ́n ní kí àwọn mẹ̀kúnnù máa dá máàkì márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń dá èsúsú, títí owó ọkọ̀, tí í ṣe 990 máàkì, yóò fi pé. Nǹkan bí 336,000 ènìyàn ni ó dá owó yìí. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí ó fi í gba ọkọ̀. Ogun dé, ohun ìjà àti ọkọ̀ ológun ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe. Àwọn tí wọ́n fi tipátipá kó wá láti ilẹ̀ Poland, Rọ́ṣíà àti ibòmíràn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n, ni wọ́n fi ṣe ẹrú níbẹ̀, iye wọn sì tó nǹkan bí 20,000 láàárín àwọn ọdún ogun náà. Ẹni tí yóò bá yin ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ wọn.

Ní ọdún 1944 ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá Hitler ju bọ́ǹbù lu ilé náà léraléra. Òrùlé ya, ògiri wó, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ lọ pamọ́ sí ibòmíràn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1945 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ ìlú náà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìlú náà sì gba orúkọ tuntun, Wolfsburg. Ìpinnu àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun ni pé ohun tí kò bá wúlò fún àlàáfíà nínú àwọn ilé iṣẹ́ Jámánì ni kí a tú palẹ̀, kí a kó àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ fi dí gbèsè ogun. Bí ilé iṣẹ́ yìí kò bá tètè rí iṣẹ́ kan pàtó ṣe, títú ni wọn yóò tú u, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí wọ́n kóra jọ sí àyíká rẹ̀ kì yóò sì ní ibi tí wọn yóò ti jẹun.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1945 ni ọ̀gá ológun kan dé síbẹ̀, Mejọ Ivan Hirst, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ti ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ogun ṣe ní Brussels kí ó tó wá. Iṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ilé ńlá náà ṣe kì í ṣe ti ọkọ̀ tuntun rárá; ibi àtúnṣe ni wọ́n sọ ọ́ dà, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun wọn ṣe, tí wọ́n sì ń sọ ẹ̀ńjìnnì tí ó ti jẹ di ọ̀tun. Hirst wá mú ọ̀kan nínú àwọn Ìjàpá tí ó wà nílẹ̀, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ológun kùn ún, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ọkọ̀ ṣòro rí nígbà náà. Wọ́n wò ó, ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ní kí ilé iṣẹ́ náà ṣe 20,000 fún àwọn. Èyí ni ó yọ ọrùn rẹ̀ kúrò nínú okùn.

Àṣẹ ti wà, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò fi ṣe é? Irin kò tó, èédú kò tó, oúnjẹ kò sì tó, débi pé òṣìṣẹ́ a máa pa iṣẹ́ jẹ kí ó lè wá ọ̀dùnkún lọ sí oko. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fún wọn ní kábúrétọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè rí i fún wọn mọ́. Ohun tí Hirst ṣe nìyí: ó tú kábúrétọ̀ kan sílẹ̀ sórí tábìlì, ó pín in sí méjì. Ara rẹ̀ tí ó tóbi, àwọn fúnra wọn rọ ọ́. Àwọn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Voigtländer tí ń ṣe kámẹ́rà ní ìlú Brunswick ni wọ́n bẹ̀ kí ó bá wọn ṣe é, nítorí ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ kékeré. Àtè tí a fi ẹja ṣe ni wọ́n fi lẹ aṣọ inú ọkọ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀! Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọkọ̀ 55 péré ni wọ́n rí ṣe kí ọdún 1945 tó parí. Ní ọdún 1946, wọ́n ṣe nǹkan bí 10,000. Nígbà tí òtútù ọdún náà dé, iṣẹ́ dúró fún oṣù mélòó kan nítorí àìsí èédú.

Ibi tí ó wù mí kí a ti fara balẹ̀ ni ọdún 1947. Nígbà náà, àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń sáré lójú ọ̀nà tí bọ́ǹbù ti hú, ẹ̀ńjìnnì wọn sì ti ń rẹ̀. Láti ṣe ẹ̀ńjìnnì tuntun fún ẹni tí tirẹ̀ bàjẹ́, irin ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ irin kò sí. Nítorí náà ilé iṣẹ́ náà dá ètò pàṣípààrọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ kì yóò jókòó máa retí àtúnṣe. Yóò fi ògbólógbòó náà sílẹ̀, wọn yóò gbé òmíràn tí ilé iṣẹ́ ti sọ di ọ̀tun fún un, yóò san owó tí kò tó ti tuntun, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ògbólógbòó tí ó fi sílẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe fún ẹlòmíràn tí yóò wá lẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà ni ó mú kí èyí rọrùn. Bóòtù mẹ́rin péré ni ó so ẹ̀ńjìnnì Ìjàpá mọ́ ara ọkọ̀. Kò ní omi, kò ní rẹdiétọ̀, atẹ́gùn ni ó ń tù ú. Nígbà tí Heinz Nordhoff sì di ọ̀gá àgbà ní oṣù Kíní ọdún 1948, ó kọ̀ láti máa pààrọ̀ ìrísí ọkọ̀ náà lọ́dọọdún. Inú rẹ̀ ni ó ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ẹ̀ńjìnnì kan wọ inú ilé iṣẹ́ náà. Wọn yóò tú u pátápátá títí tí kò fi ní ku ohun kan tí ó so mọ́ èkejì, wọn yóò fọ gbogbo ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò. Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n dé. Ọ̀pá tí ń yí nínú rẹ̀, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kránsáàfù, wọn yóò fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́. Bí ó bá jẹ díẹ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́ kí ó dán, wọn yóò sì fi bíárìn tí ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Èyí tí ó bá ti kọjá ààlà tí wọ́n là sílẹ̀, jíjù ni. Pístìnnì àti sílíńdà tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Nígbà tí wọ́n bá tò ó pọ̀ tán, wọn yóò tan án lórí pèpéle kí wọ́n gbọ́ bí ó ṣe ń dún, kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí jáde. Ẹni tí ó bá ti gba ọkọ̀ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì rí, tí ó sì rí nọ́ọ̀tì mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù nínú abọ́, yóò mọ ìdí tí mo fi ń ka èyí sí ohun ńlá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1949 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ náà padà fún ìjọba Jámánì. Ọkọ̀ rẹ̀ di mílíọ̀nù kan ní ọdún 1955, àwọn ẹ̀ńjìnnì tí ń padà wálé sì pọ̀ débi pé wọ́n ní láti wá ilé mìíràn fún iṣẹ́ àtúnṣe náà. Wọ́n ra ilé tí Henschel ti ń ṣe ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun, nítòsí ìlú Kassel. Sísọ ògbólógbòó di ọ̀tun ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣí i ní ọdún 1958, kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó tóbi jù.

Ní ti àwa níhìn-ín, ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tí ń to Volkswagen pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 1986 tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n gba ọkọ̀ wa là, láti Èkó títí dé Panteka ní Kàdúná. Èrò orí wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Wolfsburg ní 1947. Irin ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní. Ìka ni wọ́n fi ń wọ̀n, etí ni wọ́n sì fi ń gbọ́. Mo ti rí èyí tí ó sáré ọdún púpọ̀ lẹ́yìn irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti rí èyí tí kò dé ilé.

Ìjàpá tí ó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí iye gbogbo wọn ti di 21,529,464. Lónìí àwọn olówó ń wá àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kiri, pàápàá àwọn tí gíláàsì ẹ̀yìn wọn pín sí méjì, tí wọn kò ṣe mọ́ láti ọdún 1953. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni bóyá nọ́ńbà ara ẹ̀ńjìnnì bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í bá a mu. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jí ẹ̀ńjìnnì gbé. Ẹnì kan ni ó wakọ̀ wọ ibi àtúnṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì gbé ti ẹlòmíràn lọ.