Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ìwé ìròyìn, ẹ wo àdìrẹ 'Ìbàdàn dùn' kẹ́ ẹ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà!

Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ kọjá sí Ọjà'ba máa rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ògiri tí wọn ò lẹ nǹkan mọ́. Pósítà olóṣèlú ni, pósítà olóògbé ni, ti ìsìn ìta gbangba náà ń bẹ níbẹ̀. Ká má parọ́, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé téèyàn bá wò ó títí, kò ní í mọ èyí tóun máa kọ́kọ́ kà. Fọ́tò mẹ́wàá, àwọ̀ méje, lẹ́tà ń bá lẹ́tà jà. Owó ti lọ, iṣẹ́ ò jẹ́. Àwọn ọmọ tó ṣe é mọ kọ̀ǹpútà í tẹ̀ o, bí ojú ìwé ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọn ò tíì kọ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ò jìnnà sí wọn, ara aṣọ ìyá wọn ló wà.

Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó. Àwọn òpó ràbàtà-ràbàtà tó wà níwájú ẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń dá a mọ̀. Àwọn ìyá aládìrẹ wò ó, wọ́n gbé òpó náà sórí aṣọ, wọ́n ya ṣíbí sáàárín wọn, wọ́n sì sọ aṣọ náà ní 'Ìbàdàn dùn'. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Wọn ò ya gbogbo ilé náà tòkè-tilẹ̀. Òpó nìkan ti tó, ẹni tó bá ti dé Ìbàdàn rí ti mọ ibi tí wọ́n ń wí. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa yan fọ́tò síwájú ìwé ìròyìn nìyẹn: ẹyọ kan tó mọ̀rọ̀ í sọ sàn ju ogún tó ń pariwo.

Wọ́n tún pín aṣọ náà sí àpótí-àpótí onígun mẹ́rin, ohun tí wọ́n yà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró láyè tiẹ̀. Ojú ìwé ìròyìn náà nìyẹn: ìròyìn kan ò gbọdọ̀ ya wọ ilé èkejì.

Ẹ tún gbọ́ ti ẹ̀kọ. Làfún ni wọ́n fi ń ro ó, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á wá fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ yà á sórí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í ráyè wọlé dáadáa, ibẹ̀ ló máa mọ́ yọ. Àyè téèyàn fi sílẹ̀ wà lára ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Aṣọ tó bá sì ti wọnú aró ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò sí pé à ń pa á rẹ́ bíi ti kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ro ó délẹ̀ kọ́wọ́ wọn tó kan aṣọ.

Àní ìròyìn gan-an wọnú àdìrẹ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè lọ́dún 1935, wọ́n gbé àwòrán ọba àti olorì ẹ̀ sórí aṣọ. 'Jubilee' ni wọ́n ń pe àdìrẹ yẹn. Nígbà tó yá, ìwé Atóka náà ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà sọ ìtàn, àpótí kan tẹ̀lé òmíì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lára ẹ̀. Lónìí tó jẹ́ pé orí fóònù lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kàwé, ojú fóònù kéré, àwọn àpótí náà kàn wá tò léra wọn láti òkè délẹ̀ ni. Ojú tó ń wò ó ò yí padà.

Ohun kan wà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: lẹ́tà tí kò lámìn-ín. Ọmọ kan á yan lẹ́tà tó rẹwà, tí kò ní ẹ, tí kò ní ọ tó ní tó-tó lábẹ́. Ẹ̀yin fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ọkọ ìyàwó ń bọ̀, ohun tó máa jáde ni pé oko ìyàwó ló ń bọ̀. Họ́wù! Ṣé oko ń rìn ni? Ẹni tó sanwó ló máa jẹ ìtìjú ẹ̀ lójú àna. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lẹ́tà náà gbọ́ Yorùbá kẹ́ ẹ tó sọ pé ó rẹwà.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ síléèwé o. Poli Ìbàdàn ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ ìyá àgbà kí wọ́n ṣí àpótí aṣọ wọn. Ẹ tẹ́ 'Ìbàdàn dùn' sílẹ̀, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsùlù, kẹ́ ẹ fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí dípò òpó àti ṣíbí. Èyí tí kò bá gba inú àpótí, ẹ gé e dànù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà ti parí nìyẹn.